Àwọn òyìnbó tó ń pe ara wọn ní 'witch': ta ni wọ́n, kí ni wọ́n ń ṣe, kí sì ni òfin sọ?

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Jezebel, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, gbé àròkọ kan jáde. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun sanwó fún àwọn kan tó ń ta iṣẹ́ awo lórí Etsy, ọjà orí ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ fún nǹkan àfọwọ́ṣe, pé kí wọ́n ṣẹ́ èpè fún Charlie Kirk, gbajúmọ̀ alátìlẹyìn Donald Trump. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n yìnbọn pa Kirk ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Utah. Jezebel ní àwàdà ni àròkọ náà, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ọlọ́pàá mú ọ̀dọ́kùnrin kan, wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án. Ọ̀rọ̀ ìbọn ló wà níwájú adájọ́. Ti èpè kò sí níbẹ̀.

Nínú oṣù yẹn kan náà, ẹnì kan tó fẹ́ràn Seattle Mariners, ẹgbẹ́ eléré baseball, sanwó fún 'witch' orí Etsy kí ẹgbẹ́ òun lè máa borí. Ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í borí léraléra, ìròyìn ọ̀hún sì gba ìgboro. Ṣáájú ìgbà yẹn ni àwọn ọmọge tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ti ń ṣe fídíò pé àwọn sanwó kí òjò má bàa ba ìnáwó àwọn jẹ́. (Ẹni tó bá ti ṣe òwàm̀bẹ̀ lásìkò òjò rí, tó sì ti wá ẹni tó máa so òjò lọ, kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín èyí.)

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa dé etí wa, ohun tó ti dà ni pé àwọn òyìnbó náà ti ń jẹ́wọ́ àjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn: ẹ̀sìn kan tí kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún, òwò kan tó ń mówó wọlé, àti eré àwọn ọ̀dọ́ lórí fóònù.

Ṣé àjẹ́ tí àwa mọ̀ náà ni?

Rárá. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn fúnra rẹ̀ sọ pé àjẹ́ lòun. Àwọn ẹlòmíràn ló ń pè é bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ikú òjijì, àìrọ́mọbí tàbí òwò tó dojú dé. Ẹni tó bá sì bẹ̀rù kì í tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀, "àwọn ìyá mi" tàbí "ẹlẹyẹ" ni yóò pè wọ́n. Agbára òru ni, wọ́n ní ènìyàn lè bí i mọ́ra, wọ́n sì lè fi oúnjẹ fún un jẹ.

Àwọn tí à ń sọ yìí fúnra wọn ló yàn án. Wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nínú ìwé, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìjọba níbi tí wọ́n ti béèrè ẹ̀sìn. Wicca ni orúkọ ẹ̀ka tó gbajúmọ̀ jù. Pagan ni orúkọ agbo ńlá tí Wicca wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn Druid, tó ń tọ ipasẹ̀ àwọn àlùfáà àtijọ́ ilẹ̀ Bìrìtéènì, àti àwọn tó ń sin òrìṣà àtijọ́ ìhà àríwá Yúróòpù bí i Thor àti Odin. Ní Iceland, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin Thor àti Odin bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní 1973. Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní witch tí wọn kì í ṣe Wicca, tí wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni, kò kan ẹ̀sìn. Inú àwọn yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà lórí Etsy wà, èyí sì ni ìròyìn kì í sábà yà sọ́tọ̀.

Ta ló dá Wicca sílẹ̀?

Orúkọ tí kò ṣeé fò ni Gerald Gardner. Wọ́n bí i ní 1884 nítòsí Liverpool, sínú ilé olówó tó ń ta pákó. Ikọ́ fée ń bá a jà láti kékeré, nítorí náà ilẹ̀ tó móoru ni wọ́n ń gbé e lọ. Ó ṣiṣẹ́ ní oko tíì ní Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka báyìí, ó ṣiṣẹ́ ní oko rọ́bà ní Malaya, ó sì di òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ìjọba amúnisìn níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ìbílẹ̀ àti awo àwọn ará Malaya. Ó fẹ̀yìn tì ní 1936, ó padà sílé, ó sì fìdí kalẹ̀ lẹ́bàá igbó New Forest ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Gardner ní ní 1939 òun bá ẹgbẹ́ awo kan pàdé níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ẹ̀sìn àwọn àjẹ́ àtijọ́, àti pé wọ́n gba òun wọlé. Kò lè kọ ọ́ jáde bó ṣe wù ú nígbà náà, nítorí òfin kan tó ti wà láti 1735 ṣì wà nílẹ̀. Òfin náà kò sọ pé àjẹ́ wà o. Ohun tó sọ ni pé irọ́ ni, pé ẹnikẹ́ni tó bá ń díbọ́n pé òun ní irú agbára bẹ́ẹ̀ yóò lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Òfin yẹn ni wọ́n fi mú Helen Duncan, obìnrin Scotland kan tó ń bá òkú sọ̀rọ̀ fún àwọn oníbàárà, ní 1944, nígbà ogun; oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n dá fún un. Ní 1951, Ilé Aṣòfin fagi lé òfin 1735. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Gardner gbé ìwé rẹ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀, àwọn oníròyìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé rẹ̀.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun tó ṣeé gbọ́ létí ni Doreen Valiente, tó wọ agbo Gardner ní 1953. Ó ka ìwé awo tí Gardner ní àwọn àgbà ló fún òun, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ Aleister Crowley, olóògùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ láwùjọ, ló kún inú rẹ̀. Ó bi í léèrè. Gardner kò bá a jiyàn púpọ̀. Ó ní tó bá rò pé òun lè ṣe é dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ṣe é. Valiente jókòó, ó sì tún un kọ. Àdúrà àti ìwúre tí ọ̀pọ̀ Wicca ń kà lónìí, ọwọ́ obìnrin yìí ló ti wá. Gardner kú sínú ọkọ̀ ojú omi ní 1964, Tunis ni wọ́n sin ín sí. Ní nǹkan bí ìgbà yẹn náà ni Raymond Buckland, ẹni tí agbo Gardner gbà wọlé, gbé ẹ̀sìn náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ti gbé e tayọ bí Gardner ṣe rò ó. Zsuzsanna Budapest dá agbo obìnrin nìkan sílẹ̀ ní California ní 1971, òrìṣà obìnrin nìkan ni wọ́n sì ń bọ.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀sìn àtijọ́ ni?

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ fún ara wọn ni pé ẹ̀sìn àwọn baba ńlá Yúróòpù ni, pé ó sá pamọ́ nígbà tí ìjọ Kristẹni ń sun àwọn àjẹ́ níná. Margaret Murray, onímọ̀ nípa Íjíbítì àtijọ́, ló tan èrò yẹn kálẹ̀ láti 1921. Àwọn òpìtàn kò gbà á mọ́. Ronald Hutton, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Bristol, tọ ipasẹ̀ gbogbo rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1999, ó sì rí i pé ọ̀rúndún ogún ni ẹ̀sìn náà bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ohun àtijọ́ wà lára ohun tí wọ́n fi hun ún. Ọ̀pọ̀ Wicca lónìí ti gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ẹ̀sìn tuntun kì í ṣe ẹ̀sìn irọ́.

Àwọn tí wọ́n pa ní Yúróòpù wà lóòótọ́. Ìṣirò àwọn òpìtàn ni pé láàárín 40,000 sí 60,000 ènìyàn ni wọ́n pa ní nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tí wọ́n máa ń pariwo kò ní ìpìlẹ̀. Ní Salem, Amẹ́ríkà, ní 1692, ènìyàn 19 ni wọ́n so kọ́. Ní Scotland, ó lé ní 3,800 ènìyàn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ obìnrin. Nicola Sturgeon, olórí ìjọba Scotland nígbà náà, tọrọ àforíjì ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta 2022. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé Pagan ni àwọn òkú wọ̀nyí. Kristẹni ni wọ́n, tí aládùúgbò tí màlúù rẹ̀ kú tàbí tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn fi ọwọ́ tọ́ka sí.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ilé wọn?

Ó rọrùn ju bí sinimá ṣe ń fi hàn lọ. Púpọ̀ wọn ní pẹpẹ kékeré lórí tábìlì tàbí lójú fèrèsé: àbẹ́là, ife omi, iyọ̀, òkúta dídán, ewé tàbí òdòdó tó bá àsìkò mu. Ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣọdún. Mẹ́rin tẹ̀lé oòrùn: ọjọ́ tí ọ̀sán gùn jù, ọjọ́ tí òru gùn jù, àti ọjọ́ méjì tí ọ̀sán àti òru bára dọ́gba. Mẹ́rin yòókù bọ́ sáàárín ìwọ̀nyí. Èyí tó wúwo jù ni Samhain, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, nígbà tí wọ́n ń rántí àwọn òkú ìdílé. Àwọn mìíràn a máa bu oúnjẹ sí àwo, wọ́n á fi àga kan sílẹ̀ fún ẹni tó ti lọ. Nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, wọ́n á péjọ, tàbí kí ẹni tó ń dá ṣe é tan àbẹ́là nínú yàrá rẹ̀.

Ẹni tó bá wọ agbo gidi máa ń gba ìpele mẹ́ta kọjá, ó ń búra àṣírí, ó sì ní ọ̀bẹ awo tí kì í fi gé ohunkóhun. Òrìṣà obìnrin kan àti òrìṣà ọkùnrin oníwo ni wọ́n ń ké pè. Òfin wọn, tí a bá fi èdè wa sọ ọ́, ni pé bí kò bá ti pa ẹnikẹ́ni lára, kí o ṣe ohun tó wù ọ́. Wọ́n tún gbà pé ohun tí ènìyàn bá rán jáde yóò padà sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú agbo kò tó nǹkan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń dá ṣe é. Látorí TikTok ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ọ, àgàgà láti 2020 tí kòrónà há gbogbo ènìyàn mọ́lé. Wọ́n ń fi káàdì tarot wo ohun tó ń bọ̀. Wọ́n ń ro ọbẹ̀ gba ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà yí kí ire lè wọlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, wọ́n á bu lẹ́búlẹ́bú cinnamon sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fẹ́ ẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé kí owó lè wá. Ẹni tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ "oṣù tuntun yìí á tù wá lára" kò ní ṣàìmọ ohun tí wọ́n ń wá. Ní oṣù Keje 2020, ariwo gba Twitter pé àwọn ọmọdé kan ní WitchTok, apá TikTok tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ 'witch', ti ṣẹ́ èpè fún òṣùpá. Kò sẹ́ni tó rí àwọn tó ṣe é. Síbẹ̀ àwọn àgbà inú ẹ̀sìn náà lo ọjọ́ púpọ̀ láti máa ṣàlàyé pé òṣùpá kò gba èpè.

Mélòó ni wọ́n?

Nínú ètò ìkànìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ti 2021, nǹkan bí 74,000 ènìyàn kọ Pagan, nǹkan bí 13,000 sì kọ Wicca. Ní 2011, Pagan kò tó 57,000. Wọ́n ń pọ̀ sí i, àmọ́ wọn kò tíì tó nǹkan láàárín ènìyàn tó ń lọ sí mílíọ̀nù 60. Àwọn tó kàn ń fọwọ́ kan etí rẹ̀ ló pọ̀. Pew Research Center ní Amẹ́ríkà sọ ní 2025 pé mẹ́ta nínú àgbàlagbà mẹ́wàá ló ń wo ìràwọ̀, tarot tàbí aríran ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, púpọ̀ nínú wọn sì ní eré ni àwọn fi ń ṣe.

Báwo ló ṣe di ẹ̀sìn lójú òfin?

Láti inú ẹ̀wọ̀n ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n kan ní Virginia béèrè àbẹ́là, iyọ̀ àti aṣọ funfun fún ìjọsìn rẹ̀, wọ́n kọ̀. Ní 1986, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ẹ̀sìn ni Wicca lábẹ́ òfin ìpìlẹ̀, bí àwọn ẹ̀sìn yòókù. Wọ́n sì tún ní ọ̀gá ẹ̀wọ̀n lè dá àwọn ohun èlò náà dúró nítorí ààbò. Ẹlẹ́wọ̀n náà borí, kò sì rí àbẹ́là gbà.

Ìjà tó le jù wáyé láàárín àwọn ológun. Ní 1999, ìròyìn jáde pé àwọn sójà ń ṣe Wicca ní Fort Hood ní Texas. Bob Barr, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ní kí wọ́n fòpin sí i. George W. Bush, gómìnà Texas nígbà náà, ní òun kò rò pé ẹ̀sìn ni. Ọdún 2005 ni wọ́n já ọkọ̀ òfurufú sójà kan bọ́ ní Afghanistan, Sájẹ́ńtì Patrick Stewart, ọmọ Nevada tó jẹ́ Wicca, sì kú sínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ọmọ ogun fọwọ́ sí àmì ẹ̀sìn lóríṣiríṣi fún ibojì, títí kan ti àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ sí ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún inú òbírí, tí í ṣe àmì Wicca. Roberta, ìyàwó rẹ̀, kò gbà kí wọ́n fi àmì kankan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ó bá àwọn mìíràn gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó sì di oṣù Kẹrin 2007, ìjọba gbà. Ìràwọ̀ náà wà lórí ibojì àwọn sójà Amẹ́ríkà lónìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú.

Ní Bìrìtéènì, òfin Equality Act ti 2010 ló bo gbogbo ìgbàgbọ́. Obìnrin Wicca kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà béèrè pé kí wọ́n pààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ òun nítorí ọdún Samhain. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n lé e. Ní 2013, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ dá a láre. Àwọn Pagan tó wà lẹ́wọ̀n níbẹ̀ ní àlùfáà tiwọn.

Ṣé Sátánì ni wọ́n ń sìn?

Wọ́n ní rárá, nítorí Sátánì wá láti inú Bíbélì, àwọn kò sì gba Bíbélì. Ìjọ Sátánì tí Anton LaVey dá sílẹ̀ ní San Francisco ní 1966 kò bá Wicca tan. Àwọn Kristẹni tó takò ó kò fi ìyẹn pè é ní nǹkan. Kátíkísìmù ìjọ Kátólíìkì kọ wíwo ọjọ́ iwájú àti oògùn pátápátá, yálà fún ire tàbí fún ibi, ọ̀pọ̀ pásítọ̀ sì ní ẹ̀mí tó bá dáhùn láì jẹ́ ti Ọlọ́run, ti ẹnì kan ṣoṣo tó kù ni. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò ní gbà fún ara wọn níbí, torí ohun tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ta ló ń rí owó nínú rẹ̀?

Ọjà orí ẹ̀rọ ti gbìyànjú láti jáwọ́ nínú rẹ̀. eBay fòfin de títa oògùn, èpè àti ìwúre ní 2012. Etsy ní 2015 ní ẹni tó bá ń ta irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan tó ṣeé rí ránṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ ṣèlérí àbájáde. Nítorí náà ni oníbàárà ṣe máa ń gba àwòrán àbẹ́là tó ń jó tàbí lẹ́tà, tí wọ́n á kọ sábẹ́ rẹ̀ pé fún ìgbádùn nìkan ni. Ní Bìrìtéènì, láti 2008, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ló ń mú aríran tó bá lu ènìyàn ní jìbìtì, bó ṣe ń mú ẹni tó ta fóònù tó ti bàjẹ́.

Ní 2018, ilé iṣẹ́ Pinrose fẹ́ ta àpótí 'witch' alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìsọ̀ Sephora ní dọ́là 42: lọ́fíńdà, káàdì tarot, òkúta kan àti ewé sage funfun. Àwọn Wicca bínú pé wọ́n sọ ẹ̀sìn di àtíkè. Àwọn ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà bínú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ewé sage funfun jẹ́ ohun ètùtù tiwọn, wọ́n sì ń hú u nínú igbó ní California títí tó fi ń tán lọ. Pinrose tọrọ àforíjì, wọn kò sì ta àpótí náà.

Kí ló kan àwọn ọlọ́rìṣà wa?

Ó kàn wọ́n gan-an. Lórí pẹpẹ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní witch ní Amẹ́ríkà lónìí, ère Ọ̀ṣun àti Yemọja wà, oyin àti abẹ̀bẹ̀ wà. Àwọn àlùfáà Lukumí, ẹ̀sìn òrìṣà láti Cuba, àti ti Candomblé, irú rẹ̀ ní Brazil, ní ìyẹn kò ṣeé ṣe: òrìṣà ní ilé, ó ní ìyálórìṣà tàbí bàbálórìṣà tó ń gbé e lé ènìyàn lórí, kò sí ẹni tó ń fi fídíò wẹ orí ara rẹ̀. Àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kan fèsì pé ẹrú ni wọ́n kó àwọn baba ńlá àwọn lọ, pé àwọn kò lè máa tọrọ àyè kí àwọn tó padà sídìí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn. Awuyewuye yìí kò tíì parí.

Ní ti òfin, àwọn ọlọ́rìṣà ló la ọ̀nà fún àwọn Pagan ní apá kan. Nígbà tí ìlú Hialeah ní Florida ṣòfin ní 1987 láti dá ìrúbọ ẹranko dúró, ìjọ Lukumí Babalú Ayé ti Ernesto Pichardo gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fi ohùn kan sọ pé ìjọba kò lè ṣòfin tí ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Ẹjọ́ yẹn ni àwọn ẹ̀sìn kéékèèké ń tọ́ka sí títí di òní.

Nílé, àwọn oníṣẹ̀ṣe kò fẹ́ kí wọ́n ka àwọn mọ́ Pagan rárá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú wọn láti ayé àwọn míṣọ́nnárì ni, òun àti kèfèrí. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, tí àwọn ìpínlẹ̀ bí i Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó ti fún ní ìsinmi.

Kí ló dé tí ìròyìn Etsy fi léwu fún wa?

Ẹ padà sí 1951, ọdún tí Lọ́ńdọ̀nù fagi lé òfin àjẹ́ rẹ̀. Nínú oṣù díẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn Àtíńgà, tí wọ́n wá láti Dahomey ní ìparí 1950, ń káàkiri àwọn ìlú Yorùbá ní ìhà Ẹ̀gbádò. Wọ́n ń mú àwọn obìnrin, wọ́n ń ní kí wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n ń gbowó, wọ́n sì ń wó ojúbọ òrìṣà nínú àwọn ìlú kan. Ìjọba amúnisìn fòfin dè wọ́n ní 1951. Ohun tí Gardner ń retí láti fi yangàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń lu ìyàwó ilé ní Ẹ̀gbádò.

Òfin tí a jogún láti ìgbà yẹn ṣì wà. Abala 210 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ní ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní àjẹ́, àti ẹni tó bá pe ẹlòmíràn ní àjẹ́, ọ̀daràn ni àwọn méjèèjì, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló sì lè já sí. Ìròyìn pé wọ́n lo abala náà ṣọ̀wọ́n. Èyí tí kò ṣọ̀wọ́n ni ti ìyá arúgbó tí ìrántí rẹ̀ ti ń lọ, tó ṣìnà dé àdúgbò tí wọn kò mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ní ẹyẹ ló já bọ́ tó di ènìyàn. Ní oṣù Karùn-ún 2020, wọ́n ti àwọn àgbàlagbà sínú iná ní Boki, ìpínlẹ̀ Cross River, lórí ẹ̀sùn àjẹ́. Ní oṣù Keje 2021, ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìpinnu lórí irú ẹ̀sùn yìí.

Ìjíròrò gan-an kò rọrùn. Ní oṣù Kọkànlá 2019, ilé ìwádìí kan ní Yunifásítì Nsukka fẹ́ ṣe àpérò lórí àjẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ Kristẹni pariwo pé ìpàdé àjẹ́ ni. Wọ́n yí àkòrí rẹ̀ padà sí ọ̀rọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá kí wọ́n tó lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ló pe àpérò náà.

Ọmọ mi ní London ní òun ti di Wicca. Kí ni mo lè ṣe?

Òfin kò ní kí òbí gbà fún un. Òbí lè gbàdúrà, ó lè ní kí ọmọ má tan àbẹ́là nínú ilé òun, ó lè mú un lọ bá pásítọ̀ tàbí àlùfáà fún ìmọ̀ràn. Ilé ìwé ni kò lè fìyà jẹ ọmọ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà ni bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í na ọmọ, tí wọ́n fi ebi pa á, tí wọ́n fi ata sí i lójú tàbí tí wọ́n tì í mọ́lé láti lé ẹ̀mí jáde. Ìfìyàjẹ ọmọdé ni ìyẹn, bí pásítọ̀ tilẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣe é. Ikú Victoria Climbié ní 2000, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n mú wá láti Ivory Coast, tí wọ́n ní ẹ̀mí èṣù wà lára rẹ̀, ló jí ìjọba sí i. Ní 2012, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ lórí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ nítorí ìgbàgbọ́. Tí ọmọ bá sọ fún olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì pé wọ́n ń pe òun ní àjẹ́ nílé, ó yẹ kí wọ́n fi tó àwọn tó ń dáàbò bo ọmọdé létí, kódà bí kò bá sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀.